Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Ni Wọ́n Gbé Iṣẹ́ Thirza Kọ́ Sí

Gbogbo ìgbà òtútù ni Thirza fi dúró sí etíkun Newlyn, tó ń ya àwòrán àwọn obìnrin tó ń la ẹja. Lọ́jọ́ àfihàn, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ayàwòrán gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ta ló máa rí i níbẹ̀?" ni Thirza bi alága ẹgbẹ́ náà.

"Àyè ò sí, Mádàámù. Àwòrán tọkọ yín ṣáà wà níwájú."

"Ṣé ọkọ mi ló ń bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ wọn sú u. Ó já àwòrán náà, ó gbé e lọ bá Keziah, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó yà, ní ìsọ̀ ẹja.

"Mádàámù, ṣé bí imú mi ṣe tóbi tó nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni!" Thirza jágbe.

Keziah bú sẹ́rìn-ín, ó lọ wá ìṣó tí wọ́n máa fi kàn án mọ́ iwájú ìsọ̀.