Àwọ̀ Ewé Tí Alága Kọ̀

Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Enugu fẹ́ ṣe àjọ̀dún, wọ́n ní kí n ṣe fídíò rẹ̀, torí èmi ni mo kàwé tí mi ò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Akọ̀wé fi lógò ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi: fọ́tò pátákó ẹnu géètì wa ní Emene, tòun ti ewúrẹ́ tó ń kọjá lọ níwájú rẹ̀. Mo wá ojúlówó lógò náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó yà á. Mo yọ funfun tó yí i ká kúrò, mo sì rí i pé àwọ̀ ewé rẹ̀ kò yí padà nínú fídíò.

Alága wò ó lórí fóònù mi, ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ní kó o lo gíríìnì?"

"Gíríìnì ni lógò wa, sà. Oòrùn ló sọ ti ara pátákó di búlúù."

"Àwọn tó yapa kúrò lọ́dọ̀ wa ló ń lo gíríìnì. Ṣé o fẹ́ káwọn àlejò rò pé àjọ̀dún wọn làwọn wá ni?"

"Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un lọ, sà."

"Kí wọ́n máa mú un lọ! Yí i padà, àbí a ò ní gbé e jáde."

Mo ṣí fọ́tò pátákó, mo mú àwọ̀ tí oòrùn pò síbẹ̀, mo fi kun lógò mi tó mọ́ tónítóní. Alága tún un wò, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n! Kí ló dé tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé kì í tètè mọ nǹkan?"