Ọgbà Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Epo

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi yọ lónìí. Ọmọ àbúrò mi ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ayẹlẹ̀wò, nítorí láti kékeré ló ti ń gbóòórùn yẹ̀pẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀. Ó dàgbà tán, iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ náà ló yàn.

Epo jò láti inú táǹkì ńlá kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Ilẹ̀ dúdú, omi kànga ń rùn bíi kẹrosíìnì. Àbúrò mi, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò ní ayọ̀ mìíràn lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ ju ọgbà tòmátì. Gbogbo rẹ̀ rọ níṣojú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kó tún gbin tòmátì kó tó kú.

Ayẹlẹ̀wò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé. Wọ́n ní àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ń bẹ nínú ilẹ̀, tí wọ́n ń jẹ epo. Bí àwọn bá fún wọn ní ajílẹ̀, tí àwọn sì ń tú ilẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, wọn yóò jẹ epo náà tán. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọgbà kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ àwọn ni tàbí òjò lásán. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwa tí epo ba ọgbà wa jẹ́ sí bébà, wọ́n ká a sínú fìlà. Ayẹlẹ̀wò ló kiwọ́ bọ̀ ọ́. Ọgbà bàbá rẹ̀ ló mú.

Mo ní, "Dá a padà, kí o mú òmíràn. Ta ló rí ọ?"

"Ẹ̀yin rí mi, Bàbá Àgbà. Bí mo bá pààrọ̀ rẹ̀, irọ́ ni gbogbo iṣẹ́ wa."

"Irọ́ kì í pààyàn. Wò mí, ṣé mo ti kú?"

Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ jàre. Mo lè dúró."

Òjò ọdún kan lọ, òmíràn dé. Ọgbà àwọn aládùúgbò ń hu. Àbúrò mi a fi ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri, a máa wo tòmátì onítòmátì. Ikọ́ mú un.

"Ó ku oṣù mélòó, ọmọ mi?"

"Ó ku díẹ̀, Bàámi."

Díẹ̀ náà kò pé tí a fi sin ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ayẹlẹ̀wò gbé irin ìgbẹ́lẹ̀ rẹ̀ wá, ó bu yẹ̀pẹ̀ ọgbà náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ṣiṣẹ́, Bàbá Àgbà," ló wí. "Ibí yìí nìkan ni epo kù sí." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú ilẹ̀ náà báyìí. Mo ní kó gbin tòmátì sí i. Ó ní, "Ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò bù mọ́ ọn. Àfi ẹ̀rín àbúrò mi lọ́jọ́ tí wọ́n mú bébà yẹn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé.