Abẹ Onígbàjámọ̀ àti Oògùn Alàájì

Bí òórùn ọṣẹ dúdú bá ti kàn mí nímú níbi tí wọ́n ti ń fárí, Ṣakẹ́tẹ́ ni ọkàn mi ń sáré lọ, sí ìta ilé Alàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, láàárọ̀ Jímọ̀ kan, nígbà tí a ò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé. Mo ti fi ekóólù, ilé ìwé Faransé, sílẹ̀. Kí n má parọ́, ekóólù ló kọ̀ mí. Iṣẹ́ mi ò ju kí n jókòó sórí ìdì aṣọ tí Alàájì ń tà, kí n máa fi Faransé jákujàku yangàn fún àwọn oníbàárà.

Àyà ti dun Alàájì rí, ó dùn ún débi pé a rò pé ó ti lọ. Dókítà kan ní Àjàṣẹ́ ló fún un ní oògùn funfun kékeré, ó ní kó máa lò ó lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì dí ọ̀nà ọkàn. Ara rẹ̀ sì ń yá. Láàárọ̀ Jímọ̀ yẹn, onígbàjámọ̀ ń fá orí rẹ̀, abẹ gé e díẹ̀ lẹ́yìn etí. Wọ́n fi òwú tẹ̀ ẹ́, òwú rin gbindin. Wọ́n pààrọ̀ òwú, ó tún rin. Ó pẹ́ gan-an kí ẹ̀jẹ̀ tó dá.

"Alàájì, abẹ mi kọ́ o! Oògùn òyìnbó yẹn ló sọ ẹ̀jẹ̀ yín domi."

Alàájì wo agbádá funfun tó gbé sórí itan láti wọ̀ lọ kírun, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí i. "Mi ò lò ó mọ́." Ó parí nìyẹn. Ta ló máa bá a jiyàn? Èmi tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò sàtifíkà?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, ó fọwọ́ di àyà mú. Ìyàwó rẹ̀ rí i.

"Ìwọ òyìnbó orí aṣọ, gbé kẹ̀kẹ́, lọ bi dókítà Pobẹ̀, ti Àjàṣẹ́ jìnnà. Mi ò ní di opó nítorí abẹ!"

Mo to Faransé pọ̀ jálẹ̀ ọ̀nà, láàárín igi ọ̀pẹ, títí ẹnu fi ń dùn mí. Mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín: "Sọ ọ́ lédè ìyá ẹ, jàre." Ànàgó, Yorùbá bíi tiwa, ni òun náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló ní kó dá a dúró? Ẹ̀jẹ̀ tí kò tètè dá, iṣẹ́ oògùn náà nìyẹn. Kó máa sọ fún onífárí kó tó mú abẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá rárá, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dú bí ọ̀dà, kó sáré wá bá wa. Kó má fọwọ́ ara ẹ̀ dá oògùn dúró. Ẹ gbé e wá, lónìí!"

A fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó padà sídìí oògùn rẹ̀, ó sì pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Àtìgbà yẹn, kí onígbàjámọ̀ tó kí i pàápàá, yóò ti ní, "Rọra o, ẹ̀jẹ̀ mi kì í yára dá."

Mo máa ń rò ó. Ẹ̀jẹ̀ tó rin òwú ni gbogbo ilé sá fún, torí ojú wa rí i. Èyí tó fẹ́ dì sínú àyà, ta ló rí i? Obìnrin kan ṣoṣo ló ní ká béèrè. Èmi, ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ní ekóólù, mi ò bi tíṣà ní nǹkan kan rí.