Èmi, Àǹtí Sìkírá àti Àwo Ẹran Iléyá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi o, nítorí ohun tójú mi rí nígbà ọdún Iléyá tó kọjá yìí, mi ò lè dá nìkan gbé e sínú. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó rọra máa jẹ ẹ́ lọ!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà ní ọjà Ìtòkú. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí ìjókòó ni mo máa ń wà. Alákàrà á kọjá, mo pè é. Oníbúrẹ́dì á kọjá, mo pè é. Ẹni tó ń ta mínírà tútù á kọjá, ṣé mi ò ní pe ìyẹn náà ni? Nínú oòrùn Abẹ́òkúta yìí?

Bí mo ṣe dẹni tó wọn kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún nìyẹn.

Orúnkún mi òsì ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Tí mo bá fẹ́ dìde, á máa dùn mí. Nígbà tó yá, mi ò lè wólẹ̀ kírun mọ́, àfi kí n jókòó sórí àga. Èmi tí mi ò tíì pé àádọ́ta ọdún! Àwọn ìyá tó lè bí mi ń forí kanlẹ̀ níwájú mi, èmi jókòó gbagidi lẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Mo kọ́kọ́ wá ọ̀nà àbùjá. Ẹnìkan lọ́jà sọ fún mi nípa tíì kan tó ń fọ ọ̀rá kúrò nínú ara. Ẹ gbà mí! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi mu ún, ọjọ́ mẹ́ta náà ni mi ò fi lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má bi mí pé ibo ni mo wà. Ẹ kúkú mọ ibi tí mo wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Rùkáyà, ọmọ mi tó ń kàwé ní Òṣíẹ̀lẹ̀, wá fà mí lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn kéré lọ́jọ́ orí, àmọ́ ó mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga, ó ní ara tí mo gbé rù ló ń pọ́n orúnkún mi lójú. Ó kìlọ̀ pé kí n jìnnà sí tíì yẹn, kí n má sì febi pa ara mi. Kí n dín oúnjẹ inú àwo kù, kí n jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ níbẹ̀, kí n máa mu omi dípò mínírà, kí n sì máa rìn bí orúnkún mi bá ṣe gbà mí láàyè.

Ni mo bá gbéra. Mi ò gun ọ̀kadà lọ sọ́jà mọ́. Láàárọ̀, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa ní Aké dé Ìtòkú. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mò ń dúró lọ́nà, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń tẹ fóònù, káwọn èèyàn má baà mọ̀ pé mò ń mí hẹlẹ. Lóṣù kejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́rin, kílò mọ́kànlá ti kúrò lára mi. Èmi Sílífá! Bùbá mi wá ń ṣe bí ẹni pé mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ mi. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, tí mi ò wá lè ṣe é délẹ̀, ṣé wọn ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ yẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní ọdún ń bọ̀ o, ẹran ń bọ̀, ibo ni mo máa sá gbà? Mo rò pé ó máa ní kí n má fẹnu kàn án rárá. Àmọ́ ńṣe ló bi mí pé nínú gbogbo oúnjẹ ọdún, èwo ni mi ò lè fojú fò?

Mi ò tiẹ̀ ronú kí n tó dáhùn. Mo ní ẹran àgbò tí Àǹtí Sìkírá bá dín ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lobìnrin ni Àǹtí Sìkírá. Látìgbà tí ìyá ọkọ mi ti kú, Àǹtí ni àgbà nínú ilé ẹbí wọn ní Òwu. Àwọn ló ń wẹ Rùkáyà fún mi nígbà tí mo bí i. Tí Àǹtí bá dín ẹran, ata àti àlùbọ́sà á ti wọ ọ́ dénú egungun.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ ẹ́ o. Ẹ jẹ ẹ́ kó dùn mọ́ yín lẹ́nu. Èyí tí ò wù yín, tó kàn ṣáà wà nílẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀."

Ó rọrùn lẹ́nu!

Lọ́jọ́ ọdún, a lọ kírun ní yídì. Ọkọ mi gbé àga oníke dání fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Bàbá Rùká, ẹ gbé e sẹ́yìn mi ná." Ó wò mí, ó gbé e síbẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Nígbà tó tó àsìkò àtiforíkanlẹ̀, mo rọra sọ̀ kalẹ̀. Orúnkún mi ké, mo dúró dè é. Mo tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí iwájú orí mi ṣe kan ẹní báyìí, omi ti bọ́ lójú mi. Nígbà tá a kírun tán, ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní, "Ara mi yá mà. Ó yá gan-an ni."

Ìdùnnú yẹn ni mo gbé lọ sí Òwu. Kí n tó lọ, mo ti jẹ ẹ̀wà díẹ̀ àti kùkúmbà nílé kí ebi má baà sọ mí di ẹlòmíì. Mo ti múra sílẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò!

Ẹ wá wo àwo tí Àǹtí Sìkírá gbé ka iwájú mi. Ìrẹsì ọ̀fadà nísàlẹ̀, ẹran mẹ́jọ lórí ẹ̀, móínmóín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọdún mà, Àǹtí, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bù ú kù. Ẹran méjì ti tó mi."

Àǹtí na ìka méjì sókè.

"Méjì? Ẹran méjì lọ́jọ́ Iléyá, nínú ilé bàbá ọkọ ẹ? Sílífá, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí mà. Inú mi ni ò gbà á."

Irọ́ ni mo pa! Inú mi gbà á dáadáa. Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Mo rí i tójú Àǹtí yí padà. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi fọwọ́ bo ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀ sétí ẹnìkejì rẹ̀. Mo gbọ́ "ó ti rù". Mo tún gbọ́ "àbí ọkọ ẹ̀ ni?" Ojú tì mí. Mo fa àwo yẹn mọ́ra, mo jẹ gbogbo ẹ̀ pátá. Àǹtí tún bu òmíràn sí i, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo tún wá fi mínírà méjì tì í sísàlẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló wá burú jù. Mo sọ fún ara mi pé ó kúkú ti bàjẹ́ náà, kí n yáa máa jẹ lọ. Àwọn aládùúgbò gbé ẹran wá, mo jẹ ẹ́. Ẹnìkan gbé pẹ́pẹ́ súùpù orí àgbò wá, mo jẹ ẹ́. Mo jẹ èyí tó dùn, mo jẹ èyí tí ò dùn. Ọ̀kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí iyọ̀ pa á, mo jẹ ìyẹn náà! Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mò ń wá?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gun òṣùwọ̀n. Kílò méjì ti padà sára mi.

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n tú àṣírí ẹ̀. Mo pinnu pé mi ò ní jẹ nǹkan kan fọ́jọ́ mẹ́ta. Mo tiẹ̀ ti ń tú kọ́bọ́ọ̀dù wá páálí tíì burúkú yẹn nígbà tí Rùkáyà wọlé bá mi.

Ó ní, "Màámi, ọjọ́ méjì lẹ fi jẹun. Oṣù mẹ́rin lẹ fi ṣiṣẹ́. Ẹ wá fẹ́ torí ọjọ́ méjì da oṣù mẹ́rin nù?"

Ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó lọ dà á nù. Ó bá mi sọ ọ́ dáadáa, pé kì í ṣe ọ̀rá ni gbogbo kílò méjì yẹn, pé iyọ̀ àti omi wà níbẹ̀, pé tí mo bá padà sí bí mo ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀, á lọ. Ó wá ní ohun tó kù tí mo gbọ́dọ̀ ṣe ni kí n lọ sọ òótọ́ fún Àǹtí, torí mi ò lè máa sá fún wọn lọ́dọọdún.

Ọmọ tí mo bí! Mo wẹ̀, mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti ẹyin sísè, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Òwu. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú. Mi ò ní padà sórí àga yẹn mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Àǹtí, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ṣa ẹran tó kù. Kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti sọ̀rọ̀.

"Irú àìsàn wo ni?"

"Àìsàn kẹ̀, Àǹtí?"

"Má purọ́ fún mi, Sílífá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Ìyá wa nìyẹn. Aṣọ ń tóbi sí wọn lára. Tá a bá bu oúnjẹ fún wọn, wọ́n á ní inú àwọn ò gbà á. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tá a máa gbé wọn dé ọsibítù, dókítà ní a ti pẹ́ jù." Wọ́n ju ẹran ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ náà lo sọ lójú mi níjẹta. Inú mi ò gbà á."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ ọdún ni mo ti rò pé ìgbéraga oúnjẹ ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀rù ni! Wọ́n ń bu ẹran lé ẹran fún mi torí wọ́n rò pé mò ń kú lọ.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀: orúnkún, nọ́ọ̀sì, ìrìn àárọ̀, àga yídì. Mo yọ káàdì ilé ìwòsàn mi nínú báàgì. Àǹtí ò mọ̀wé kà, wọ́n ní kí n ka ibi tí wọ́n kọ ìfúnpá mi sí. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Ni wọ́n bá gbá mi léjìká, pàú! "O jẹ́ kí n fi ọjọ́ méjì sunkún ní kọ̀rọ̀, o wá ń sọ fún mi pé ìrìn lò ń rìn!"

Mo bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rín la fi parí ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa méjèèjì la ń nu ojú.

Wọ́n wá rọra bi mí, "Ṣé o ò wá lè jẹ ẹran mi mọ́ ni?" Mo ní ẹran wọn gan-an ni nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn gbọ́n." Wọ́n ṣa méjì tó dáa jù sínú àwo kékeré, wọ́n gbé e fún mi. Mo rọra jẹ ẹ́, tí a jọ ń tàkúrọ̀sọ. Ká sòótọ́, mi ò rántí bí gbogbo ohun tí mo jẹ lọ́jọ́ méjì yẹn ṣe rí lẹ́nu, àmọ́ mi ò lè gbàgbé ẹran méjì yẹn.

Èyí tó kù, a bọ̀ ọ́, a da ọ̀rá orí ẹ̀ nù, a fi se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rẹpẹtẹ. Bí ìyàwó àbúrò ọkọ mi ṣe yọjú báyìí, Àǹtí pariwo mọ́ ọn: "Gbọ́ o! Sílífá ò ṣàìsàn, ọkọ ẹ̀ ò sì fi nǹkan kan ṣe é. Ẹni tó bá tún bu ẹran kún àwo ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kí wọ́n bù ú, èmi ló máa rí!"

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n fa ìró wọn sókè díẹ̀. Kókósẹ̀ wọn wú. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì ẹ yẹn, ṣé ó máa ń wo irú èyí?" Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jọ lọ. Ìfúnpá tiwọn ga ju tèmi lọ fíìfíì, wọn ò sì mọ̀! Dókítà rí wọn, wọ́n ti ń lo oògùn báyìí. Kílò méjì tèmi lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òmíràn sì ti ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Àǹtí la jọ ń rìn. Ẹnu wọn máa ń ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ wọn lọ, àmọ́ wọ́n ń rìn.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ẹ má sá fún oúnjẹ ọdún. Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, ẹ jẹ ẹ́ níwọ̀n, kó dùn mọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ṣì í jẹ lónìí, ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́, oúnjẹ tó kàn ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe. Ẹ má fi tíì tàbí ebi jẹ ara yín níyà. Ṣùgbọ́n èyí tó ga jù lójú mi ni pé kẹ́ ẹ sọ fáwọn tó fẹ́ràn yín. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń rò lọ́kàn tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ kún oúnjẹ fún yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni Àǹtí Sìkírá ti ilé tiyín? Nígbà Iléyá tàbí Kérésì, kí lẹ máa ń sọ fún un tí kì í fi í bínú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí o, mo fẹ́ kà á. Ẹni tí ò bá sì tíì sọ̀rọ̀ rárá nínú ilé ẹ̀, kó pe ẹni náà lónìí, kó tó di pé ọdún dé!