Mọ́tò Tí A Yọ Ìjókòó Ìyàwó Mi Kúrò Nínú Rẹ̀

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló gbé ìjókòó náà wọlé. Mẹkáníìkì ti tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé e sórí koríko, ó wá ń wò mí lójú bí ẹni tó fẹ́ bi mí níbi tí wọn yóò sin ín sí. Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó gbé ìjókòó náà mọ́ àyà, ó sì gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé pálọ̀. Ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ibí ni n ó ti máa wò yín bí ẹ bá ń sáré lọ."

Okitipupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, là ń gbé nígbà náà, ní àwọn ọdún 1990. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní físíìsì. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ọmọ Ìkọ̀yà. Èkìtì ni èmi ti wá. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà, ilé wá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n ra mọ́tò náà.

Òyìnbó kan tó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo pupa ṣe ló tà á fún mi nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Mọ́tò kékeré ni, oníjókòó méjì péré, orúlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè dúró kó máa wo ojú ẹni tó ń wà á. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ìlú wa, ẹni tó bá ra mọ́tò, gbogbo àdúgbò ló rà á fún: ìwọ ni yóò gbé aboyún, ìwọ ni yóò gbé òkú, ìwọ ni yóò gbé ẹ̀gẹ́ láti oko. "Èyí mọ iye ẹni tó fẹ́ gbé," ni ìyàwó mi máa ń sọ, á sì tú gèlè rẹ̀ kí a tó jáde nígboro, kí atẹ́gùn má baà bá a tú u.

Ǹjẹ́ mo lè sọ ibi tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀? Nídìí tábìlì tẹ́níìsì tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣeré ni. Dókítà kan wà láàárín wa tó ní mọ́tò tó ń sáré, oníṣòwò gẹdú kan sì ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, dókítà bi mí bóyá tèmi lè sáré ju kẹ̀kẹ́ lọ. Mo padà sílé, n kò jẹun.

Ohun tó bá fúyẹ́, agbára kékeré lè mú un sáré. Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn sójú pátákó fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò jẹ àǹfààní rẹ̀ rí. Èmi àti mẹkáníìkì mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Erinje, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan. Ohun tí a kọ́kọ́ yọ ni ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé ohun tó ń wá ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Rédíò tẹ̀ lé e, àti kápẹ́ẹ̀tì, táyà àfikún, àti orúlé. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó kù, mẹkáníìkì wo ìjókòó ìyàwó mi, èmi náà wò ó. Ó na ọwọ́ mú sípánà.

Ohun tí a yọ kò ná mi ní nǹkan, ohun tí a fi sí i ló ná mi. Kabúrétọ̀ ńlá, tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo púpọ̀, wá láti Èkó, táyà fífẹ̀ mẹ́rin wá láti Benin. Mo ta fíríìjì wa.

"Ẹ tà á," ni ìyàwó mi wí. "Nígbà tí kò sí iná, ṣé kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù lásán ni?"

Epo wá di ìṣòro. Epo tí a fi ń rìn fún ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ kò tó láti lọ sí Erinje kí n sì padà, bẹ́ẹ̀ ni ìlà wà ní gbogbo ilé epo. Bí òjò bá rọ̀, mo ń wọ aṣọ òjò àti akoto ọlọ́kadà lọ sí ilé ìwé. A ti gé sàlẹ́ńsà, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń gbọ́ mi láti ọ̀nà jíjìn. Kí n tó dé kíláàsì, gbogbo wọn á ti jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọ ìjọ. Ọ̀gá ilé ìwé ní òun kò tíì rí mọ́tò tó ń ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Láàárọ̀ kùtù, tí ìrì ṣì wà lórí imọ̀ ọ̀pẹ, tí mo bá ti bọ́ sí jíà kẹta, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà, á dà bí ẹni tó ti ń kùn láti àná tó wá rántí orin. Gbogbo ara ni mo fi ń gbọ́ ọ̀nà. N kì í rántí owó oṣù tí ìjọba kò san. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì ń rẹ́rìn-ín nínú akoto ní èmi nìkan. Bí mo bá yíjú láti sọ ọ́ fún ẹnìkan, irin ilẹ̀ ọkọ̀ ni mo máa ń rí.

Ní alẹ́ kan, bí a ti jẹ púpurú tán, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn ará Ìkálẹ̀, ìyàwó mi fọ ọwọ́.

"Tíṣà, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ bá dókítà àti oníṣòwò gẹdú yẹn sá eré ìje. Bí ẹ bá gbapò kìíní, mọ́tò yín nìyẹn bó ṣe wà, n kò ní mẹ́nu ba ìjókòó mọ́ láé. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ ó dá ìjókòó mi padà, ẹ ó sì máa gbé mi."

"Àbí o ò gbà pé mo lè borí ni?"

"Mo gbà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

Mo ní mo gbà. Ọjọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn kò fi kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n mo gbà.

Ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká la yàn, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn láti aago méje sí aago mẹ́wàá. Kò bófin mu, mo sì mọ̀. A rò pé ọgbọ́n ni: ọ̀nà á ṣófo. Láti afárá kékeré kan lẹ́yìn Ìkọ̀yà la ó ti gbéra, a ó sì parí rẹ̀ ní ìwọlé Okitipupa, níbi tí ìyàwó mi àti mẹkáníìkì ti máa dúró. Nínú gbogbo ìwé tí àwa mẹ́ta kà, ẹnìkan kò rántí pé níbi tí ọkọ̀ kò bá ti rìn, àwọn tó ń wá ọkọ̀ ni yóò kún etí ọ̀nà.

A gbéra. Oníṣòwò gẹdú ló kọ́kọ́ yọ síwájú, mo kọjá rẹ̀ níbi ọ̀nà tó gbòòrò. Mo kọjá dókítà níbi oko ọ̀pẹ. Iwájú mi ṣófo, ọ̀nà dúdú nà tààrà, mo sì mọ̀ pé mo ti borí.

Ìgbà náà ni mo rí ìyá ìyàwó mi.

Ó dúró lábẹ́ igi kan, apẹ̀rẹ̀ púpurú lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Kò jù ú bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn máa ju ọwọ́ sí ọkọ̀. Ó kàn gbé e sókè, bí ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ yóò dúró. Ta ni n ó sọ fún pé n kò rí i? Kò sí mọ́tò méjì irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Obìnrin tó fún mi ní ọmọ rẹ̀ ni, mo sì dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdána wa. Mo tẹ bíréèkì.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú títì pẹ̀lú akoto lórí. Ibẹ̀ ni mo wà tí dókítà fi kọjá, ó ń fọn fèrè. Oníṣòwò gẹdú náà kọjá.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi," ni ìyá ìyàwó mi wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ kan ò kọjá."

"Ọjọ́ ìmọ́tótó ni, Màmá."

"Ṣé ìmọ́tótó ló máa bá mi ra púpurú?" Ó wo inú mọ́tò. "Ìjókòó dà?"

"A yọ ọ́, Màmá. Kí mọ́tò lè fúyẹ́."

"Kó fúyẹ́? Ṣé ẹ máa ń rù ú ni?"

Mo ká aṣọ òjò mi sílẹ̀ fún un. Ó jókòó sórí irin, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé itan. Gbogbo ìwúwo tí mo fi oṣù mẹ́rin yọ padà wọlé ní ìṣẹ́jú kan, púpurú sì tún wà lórí rẹ̀. Mo rọra ń wà á, bí ẹni gbé ẹyin.

"Àwọn wo ló kọjá wa yẹn?"

"Eré ìje la ń sá, Màmá."

"Ìwọ ló wá gbẹ̀yìn?"

"Èmi ni mo wà níwájú kí n tó..."

"Kí lo wá ń wò? Sáré!"

Mo sáré. Ó fi ọwọ́ kan di apẹ̀rẹ̀ mú, ó fi èkejì gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń lé ẹran. Ní kọ́nà kan, a bá oníṣòwò gẹdú, ó dúró ti mọ́tò rẹ̀ tó ń rú èéfín. "Ẹ kú ìsinmi o!" ni ìyá ké sí i, a sì kọjá.

A kò bá dókítà. Ó fi nǹkan bí ìwọ̀n pápá ìṣeré kan ṣíwájú wa. Nígbà tí mo dúró, ìyàwó mi rí orí ìyá rẹ̀ tó yọ láti inú ilẹ̀ ọkọ̀, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wo akoto mi, ó sì jókòó sí etí ọ̀nà nítorí ẹ̀rín.

Mẹkáníìkì ní kí a tún un sá, pé ẹrù kò dọ́gba. Ìyá ìyàwó mi gbè é lẹ́yìn pátápátá: "Èmi ni mo dá a dúró. Ẹ tún un sá. N ó tẹ̀ lé wọn."

"Adéhùn ni adéhùn, Màmá," ni ìyàwó mi wí, ó ń nu ojú.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí ìyàwó mi ti fi ayé sílẹ̀. Mo ti wá lè kọ ìtàn yìí sínú ìwé.

A dá ìjókòó náà padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo rọra ń wà á, mo sì rò pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. A dé ibi tí ọ̀nà ti nà. Ó wá tú gèlè rẹ̀, ó ká a lé itan.

"Tíṣà, ṣé bí ẹ ṣe wà á fún màmá mi nìyí?"

"Rárá."

"Èmi ni wọn kì í sáré fún, àbí?"

Mo bọ́ sí jíà kẹta. Ó pariwo, ó di apá mi mú, ó ní kí n má dúró. Nígbà tí ẹnìkan nínú wa fi máa rántí ṣọ́ọ̀ṣì, a ti fi í sẹ́yìn tipẹ́.