Ilé Ọtí Mẹ́rin ní Seville

Àwọn ọmọ wa ló ra ìrìn àjò náà fún wa. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí èmi àti ìyá wọn ṣègbéyàwó pé lóṣù karùn-ún, wọ́n sì ti pinnu pé a kò ní í jókòó sílé wa lẹ́bàá Valence Park ní Dagenham, London, ká máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin wa, tó jẹ́ àkọ́bí, ló ṣètò gbogbo rẹ̀ lórí fóònù: bàálù, òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ mẹ́ta ní Seville ní ilẹ̀ Spéènì, àti ọ̀sán kan tí afinimọ̀nà yóò mú wa rìn káàkiri ìlú láti jẹ tàpáàsì. Ó ní oúnjẹ kéékèèké tí wọ́n ń bù sínú àwo pẹlẹbẹ ni tàpáàsì, pé a ó máa ti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn, a ó máa tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ lòun rí. Kò rí i pé oúnjẹ àti ọtí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Èmi rí i. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí. Mo jókòó ní yàrá ìsinmi wa ní Barking, mo ń mu tíì, mo sì ka ìwé tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ilé ọtí mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta, ife kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti fóònù bọ àpò, mo padà sídìí ọkọ̀. N kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Kí ìdí tí n kò fi lè sọ̀rọ̀ lè yé yín, mo ní láti padà sí Peckham, ní apá kejì London, níbi tí a ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọtí ni mo ń mu níbẹ̀. N kì í jà, n kì í pariwo, n kò gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń mu ni, láti ìgbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé títí oorun yóò fi gbé mi lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo lọ mú ọmọbìnrin wa níléèwé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì, mo sì sùn lọ fọnfọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Kò jí mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀, títí ìyá rẹ̀ fi wá wa dé ibẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ìyàwó mi kò bá mi wí. Bàtà mi ló ń wò.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, pásítọ̀ wa gbàdúrà fún mi ní ọjọ́ Ẹtì kan. Mo ṣubú, mo bì, mo sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, ó lé ní ọdún mọ́kànlá báyìí, n kò ra ọtí mọ́. Nígbà tí pásítọ̀ kó ìjọ wá sí Dagenham, sínú ilé ràgàjì kan tí wọ́n ti ń ta táyà tẹ́lẹ̀, àwa náà kó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ jẹ́rìí. Pásítọ̀ na máìkì sí mi lẹ́nu, ó ní kí n sọ fún àwọn ará bí òǹgbẹ ọtí ṣe rí lára mi nísinsìnyí. Gbogbo ojú ń wò mí. Ọmọbìnrin mi wà láàárín àwọn akọrin ọmọdé ní ìlà iwájú. Mo ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbàdúrà yẹn, òǹgbẹ náà kò gbẹ mí mọ́.

Òtítọ́ ni gbogbo ohun tó kù. Gbólóhùn kan yẹn nìkan ni irọ́, òun náà ni wọ́n sì rántí. Lọ́dọọdún, ní ìdúpẹ́ ìjọ, wọ́n á ní kí n dìde kí n tún un sọ. Lóòótọ́, n kò mu. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kò wù mí. Bí mo bá ń wa bọ́ọ̀sì kọjá, mo mọ ilé ọtí tó ti ṣílẹ̀kùn àti èyí tí kò tíì ṣí, láìyí orí. Ta ni mo fẹ́ sọ ìyẹn fún? Bí mo bá sọ pé n kò lè wọ ilé ọtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bi mí pé kí ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀, ṣebí Ọlọ́run ti gba òǹgbẹ lára mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ bàálù.

Aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán la pàdé afinimọ̀nà wa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gbé báàgì pupa kọ́ èjìká kí a má bàa sọnù lẹ́yìn rẹ̀. Àwa mẹ́wàá la jọ ń lọ. Ìyá òyìnbó arúgbó kan wà láàárín wa, ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúnkún ń dùn ún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Oòrùn mú gan-an.

Afinimọ̀nà béèrè bóyá ẹnì kan wà tí kì í jẹ nǹkan kan tàbí tí kì í mu nǹkan kan. Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti na ọwọ́ sókè. Ó sọ fún gbogbo wọn pé ọkọ òun kò fi ẹnu kan ọtí láti ọdún mọ́kànlá, pé Ọlọ́run ló mú òǹgbẹ rẹ̀ kúrò. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ ketekete bó ṣe máa ń bá àwọn aláìsàn tí etí wọn di sọ̀rọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lójú pópó. Ìyá arúgbó náà fọwọ́ gbá mi léjìká. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi níta gbangba.

Afinimọ̀nà ní kò sí wàhálà, pé oje àjàrà tí kò tíì kan wà ní gbogbo ibi tí à ń lọ. Òun ni wọ́n gbé fún mi ní ilé ọtí àkọ́kọ́, nínú irú ife kan náà tí àwọn tó kù fi ń mu wáìnì. Àwọ̀ rẹ̀ jọ wáìnì. Ó dùn bí ṣúgà, kò sì ṣe nǹkan kan fún mi. Òórùn inú yàrá náà ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti wọ inú igi bẹ́ǹṣì, ó ti wọ ara ògiri, mo sì ń mí in sínú.

Ní ilé kejì, ìyàwó mi rí ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n fi ẹ̀wà roboto sè, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ata rodo nìkan ló kù kó di oúnjẹ ilé. Ó ya mí ní fọ́tò, ó ní kí n gbé ife mi sókè, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ojú Dádì ń dán. Òógùn ni. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo ń rò ó bóyá kí n ní inú ń run mí. Ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ìyàwó mi yóò sì tẹ̀ lé mi, yóò fẹ́ mọ ibi tó ń run mí gan-an. Mo dúró.

Ilé kẹta ló há jù. Itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ so rọ̀ lábẹ́ àjà bí aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n sì fi ife rọ́bà kékeré kọ́ abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rá má bàa kán sí wa lórí. Èrò kún ibẹ̀ débi pé ẹnu ọ̀nà kò ṣeé rí mọ́. Wọ́n tì mí lọ sí igun kan, lẹ́yìn àgbá onígi tí wọ́n fi ṣe tábìlì, èmi àti ìyá arúgbó yẹn, nítorí àga kan wà níbẹ̀ fún orúnkún rẹ̀. Ìyàwó mi wà lọ́nà jíjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Ìyá náà fẹ́ wá oògùn rẹ̀ nínú báàgì, kò sì sí àyè lórí tábìlì. Ó na ife wáìnì rẹ̀ sí mi.

“Bá mi mú un dání,” ló wí. “Nínú gbogbo wa, ọwọ́ tìẹ ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù.”

Mo gbà á. Wáìnì dúdú ni, ó kù ju ìdajì lọ. Ó ń wá oògùn, ó ń yọ ìwé, ó ń yọ áńkáṣíìfù, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀ tó ti kú. N kò gbọ́ ọ mọ́. Ògiri wà lẹ́yìn mi, àgbá wà níwájú mi, èjìká àwọn ènìyàn wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ọwọ́ mi ń gbé ife náà sókè, mo ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó kan ètè mi. Ó tutù. Títí di òní, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé n kò lá ètè mi.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyàwó mi ń wò mí láti ìdí káńtà. Ó gba àárín èrò kọjá, kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó dé iwájú mi.

“Òǹgbẹ náà kò lọ rí,” ni mo wí fún un. “Láti ọjọ́ kìíní.”

Ó gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà fún ìyá arúgbó náà, ó sì dì mí mú lọ́rùn ọwọ́ bí ẹni ń mú ọmọ sọdá títì. Ó sọ fún afinimọ̀nà pé a fẹ́ gba atẹ́gùn. A jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta kan níwájú ilé ẹni ẹlẹ́ni, lábẹ́ igi ọsàn. Mo ń retí kó sunkún. Mo ń retí kó bi mí bí mo ṣe lè máa purọ́ níwájú pẹpẹ.

“Mo mọ̀,” ló wí.

Mo bi í pé láti ìgbà wo.

“Láti Peckham. Ẹ máa ń béèrè rẹ̀ lójú oorun.”

Inú bí mi. Mo ní bó bá mọ̀, kí ló dé tó dúró níwájú àwọn àjèjì tó ń kéde mi? Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun rò pé bí gbogbo ayé bá ti gbọ́ pé n kì í mu, ojú yóò tì mí láti mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi gbogbo tí a bá dé ló ti ń sọ ọ́, fún àwọn aládùúgbò, fún àwọn ẹbí nílé, fún dókítà eyín.

“Dádì, ọgbà ni mo ń ṣe yí yín ká.”

“Ọgbà náà ti ń fún mi lọ́rùn,” ni mo dáhùn.

Ó mi orí. Ó ní òun náà wà nínú ọgbà yẹn pẹ̀lú mi, pé ọdún mọ́kànlá ni òun ti ń gbọ́ òórùn ẹnu mi kí òun tó kí mi káàbọ̀, tí òun sì ń ṣe àmín sí ohun tí òun mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun. Mo gbé ọwọ́ mi lé orúnkún rẹ̀, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

A tẹ̀ lé wọn dé ilé kẹrin nítorí a kò mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò wọlé. Ìta la jókòó sí, nínú oòrùn. Afinimọ̀nà gbé ẹja díndín wá fún wa, kò béèrè nǹkan kan. Mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Dagenham, mo lọ bá pásítọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Ó gbọ́ mi tán. Ó dì mọ́ mi, ó gbàdúrà, ó ní Ọlọ́run mọ ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ó ní ìdúpẹ́ ìjọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù nítorí ẹ̀rí mi, kí n jọ̀ọ́, kí n má da omi tútù sí wọn lọ́kàn. Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀, bẹ́ǹṣì ẹnu géètì, àdúrà ọjọ́ Ẹtì, ọdún mọ́kànlá, mo sì dákẹ́ kí n tó dé ibi gbólóhùn yẹn. Pásítọ̀ gba máìkì lọ́wọ́ mi, ó fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀ fún mi. Ìjọ ṣe àmín. Mo jókòó. Ìyàwó mi, tó máa ń kọ́kọ́ dìde láti pàtẹ́wọ́, kò dìde.

Lẹ́yìn ìsìn, ọkùnrin kan bá mi níbi tí a ń gbé mọ́tò sí. Iṣẹ́ kíkun ilé ló ń ṣe, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Longbridge ní Barking pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ní kó wá rí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní òun ti gbàdúrà bí tèmi, òun ti gbààwẹ̀, òǹgbẹ náà kò lọ, ó ń bẹ̀rù pé bóyá Ọlọ́run kò fẹ́ òun. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan wà nítòsí.

“Tèmi náà kò lọ,” ni mo wí fún un.

Ó gbójú sókè, ó wò mí. Mo rò pé yóò bínú. Ó wá bi mí pé aago mélòó ni òǹgbẹ tèmi máa ń le jù. Mo ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní tòun, aago mẹ́fà ni.