Ẹni Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn Ímeèlì Àbúrò Mi

Aṣọ oníbàárà kan ni mò ń rán lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni pé ẹnìkan ń gbìyànjú láti wọ inú ímeèlì àbúrò mi ọkùnrin pẹ̀lú fóònù tí àwọn oní-ímeèlì ò rí rí. Wọ́n ní Èkó ni ẹni náà wà. Wọ́n wá bi mí bóyá èmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni wà nísàlẹ̀, Bẹ́ẹ̀ kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mi ò sì lè tẹ ọ̀kankan.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ni wọ́n bi. Èmi ni mo ṣí ímeèlì náà fún un nígbà tó ra fóònù ńlá àkọ́kọ́. Apẹja ni, fóònù rẹ̀ kì í pẹ́ bọ́ sómi, síìmù rẹ̀ kì í sì í gbó. Nítorí náà nọ́ńbà tèmi ni mo fi síbẹ̀, mo sì ṣètò rẹ̀ pé fóònù àjèjì yòówù kó fẹ́ wọlé, kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà pé mo fẹ́ràn àṣẹ jù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni ẹ̀gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé láàárín òun àti màmá wa ní Ayétòrò. Òkun ti kó ilé tó wà níwájú tiwa lọ, àbúrò mi sì ní kí màmá kó wá bá mi ní Igbókòdá kó tó kan tiwa. Màmá ní òun ò lọ síbì kankan. Àbúrò mi sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ, màmá náà sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ìyá sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbúrò mi gbé báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, a ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ. Àwọn èèyàn etí omi ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ohùn jẹ́jẹ́, irú ohùn tí wọ́n fi ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀. Mo kórìíra ohùn yẹn gan-an.

Ìdí nìyí tí bọ́tìnnì méjì náà fi le fún mi. Tó bá jẹ́ òun ni, tí mo sì tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì ti dà lójú omi, ó lè jẹ́ ẹlòmíràn tó rí ẹrù rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ ímeèlì náà ò le láti mọ̀, orúkọ màmá wa lásán ni. Mo ń wo ojú fóònù náà títí ìbéèrè náà fi parẹ́ fúnra rẹ̀.

Mo mọ díẹ̀ nínú ọgbọ́n tí àwọn oní-ímeèlì ń dá. Wọ́n máa ń rántí irú fóònù tí èèyàn ń lò àti ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ ń gbà wọlé. Bí èyí bá yí padà, ara á fu wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ṣì í. Nígbà tí mo ra fóònù tí mò ń lò yìí, wọ́n ta mí lólobó pé ẹnìkan ní Èkó fẹ́ wọ inú ímeèlì mi. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Igbókòdá ni mo jókòó sí, èmi gan-an ni olè ọ̀hún. Nítorí náà Èkó tí wọ́n dárúkọ lè jẹ́ Èkó, ó lè jẹ́ Wàrì, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi.

Ọjọ́ ọjà ni màmá máa ń wọ ọkọ̀ wá sí Igbókòdá láti ta ẹja gbígbẹ, á sì jókòó lọ́dọ̀ mi títí ọkọ̀ tó ń padà yóò fi kún. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Èkó nìkan ló gbọ́.

“Ta la ní l'Ékòó?”

“Màmá, Èkó tóbi.”

“Mi ò bi ọ́ bó ṣe tóbi tó. Ta la ní níbẹ̀?”

Láti ọjọ́ náà mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Mo rán apá aṣọ ẹnìkan sódì, mo tú u, mo tún rán an sódì. Bí iná bá lọ, àyà mi á já pé fóònù á kú. Mo máa ń fi oníbàárà sílẹ̀ lọ sí èbúté láti wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Kò sẹ́ni tó rántí ti ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Inú ń bí mi sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ ọjà mìíràn, màmá ń jẹ púpurú lọ́dọ̀ mi nígbà tí ìbéèrè náà tún yọ. Mi ò tẹ nǹkan kan, ó sì parẹ́. Kò pẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí ẹni náà ń wò níbi tó wà. Wọ́n ti sọ fún un pé kóòdù ti lọ sórí nọ́ńbà kan, wọ́n sì ti fi méjì tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà náà hàn án. Olè ò lè mọ ẹni tó ni ín. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wo méjì yẹn kó mọ ẹni tí òun máa pè.

“Màmá,” mo ní, “tó bá jẹ́ òun ni, á pè.”

Màmá mú ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Fóònù dún, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ rí ni.

“Àǹtí,” ó ní, kò tiẹ̀ kí mi, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka kóòdù yẹn fún mi.”

Ẹkún ni mo fẹ́ sun, èébú ló jáde. Mo bú u títí èémí fi tán nínú mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó wá ní Bàyélsà lòun wà pẹ̀lú àwọn apẹja kan, pé fóònù òun ti bọ́ sómi, inú ímeèlì náà sì ni nọ́ńbà gbogbo èèyàn òun wà.

“Tèmi náà ńkọ́?”

“Mo mọ tiyín sórí.”

“Kí ló wá dé tí o ò pè?”

Màmá nawọ́ gba fóònù, ó bi mí pé mélòó ni kóòdù náà. Mo ní mẹ́fà. Ó gbé fóònù sétí.

“Ọma mi, ẹ̀gbọ́n rẹ á ka mẹ́ta fún ọ. Wá gba mẹ́ta yòókù n'ulé.”

“Màmá,” mo ní, “kóòdù náà kì í pẹ́ bàjẹ́ o.”

“Jẹ́ kó bàjẹ́. Wọ́n á ṣe òmíràn.”

Mo gbọ́ ẹ̀rín àbúrò mi nínú fóònù. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi màmá tó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, “Mo gbọ́. Mo ti gbọ́.” Kóòdù náà bàjẹ́ lóòótọ́. Àbúrò mi ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì wọlé.

Kò tíì wálé. Màmá ò tíì kúrò ní Ayétòrò, òkun ò sì dúró de ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo ṣì ń bá àwọn méjèèjì jà. Ṣùgbọ́n kóòdù ò yéé wá. Àbúrò mi á pè, á ní wọ́n tún ti lé òun jáde, pé nẹ́tíwọọ̀kì ibẹ̀ ò dáa. Mo kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, tí èmi náà ń wọ inú ímeèlì tèmi, ni mo wo ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ kóòdù dáadáa. Àmì kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ti máàkì sílẹ̀ fúnni, pé kí wọ́n má ṣe béèrè kóòdù lórí fóònù yìí mọ́. Ẹni tí wọ́n bá ṣì ń béèrè kóòdù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ àmì náà. Mi ò tíì sọ fún un pé mo mọ̀. Ọjọ́ ọjà nìkan ni kóòdù náà máa ń wá, nígbà tí màmá bá ti jókòó lọ́dọ̀ mi.